KÁÀDÌ ÀDÁTA: ERÉ TÓ Ń KỌ́ ONÍṢÒWÒ NÍ ÌṢIRÒ ÈRÈ ÀTI ÒFÒ

   

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ káàdì ni akọ̀wé fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹni tó bá gbọ́ ìdájì ọ̀rọ̀ ni í sáré dá ẹjọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà oníke, yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti fi kún ọjà rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pa ìpàdé jẹ. Ìdajì owó náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì tó kù wọ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta lórí fóònù. Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé, kò rí nǹkan san. Bí òfin ẹgbẹ́ wa ti wí, ọ̀dọ̀ àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì la yíjú sí: ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan, àti bàbá kan tó ń ṣe ṣíìfù òru. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ìyá ẹlẹ́ja kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ bá mi bi í pé, ṣé ó máa ń jẹ nínú tẹ́tẹ́ náà ni?"

Mo bi í. Ó ní, "Akọ̀wé, mo máa ń jẹ dáadáa. Mi ò mọ bí owó ṣe ń tán ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi ronú. Mi ò bá a jà. Mo ṣí àpótí tábìlì mi, mo mú páálí káàdì kan jáde, mo sì ní kó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà mí láyè pé kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Orúkọ rẹ̀ kò níí jáde.

IBI TÍ ERÉ YÌÍ TI WÁ

Gbogbo wa la mọ ayò ọlọ́pọ́n, èèyàn méjì ní í ta á. Gbogbo wa la mọ Whot náà, èyí tí òyìnbó kan, William Henry Storey, gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, tó sì di tiwa débi pé ọmọ kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń pe "general market". Ṣùgbọ́n eré tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ní í ta á. Káàdì olójú 52 la fi ń ta á, èyí tó ní Ọba, Ayaba àti Jáàkì. Ìdí rèé tí mo fi sọ ọ́ ní káàdì àdáta.

Ó ti lé ní 200 ọdún tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ni Patience, ìyẹn ni Sùúrù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Solitaire. Ọ̀nà tí à ń gbà ta á pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Klondike. Orúkọ ibì kan ní ilẹ̀ Kánádà ni, níbi tí wọ́n ti rí góòlù ní 1896, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì sáré lọ síbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ní 1990, iléeṣẹ́ Microsoft fi eré yìí sínú Windows 3.0, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì ṣe mọ̀ ọ́n. Wes Cherry ló kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, Susan Kare ló ya àwòrán àwọn káàdì náà. Ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Vegas pè, ìlú onítẹ́tẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́ yín, nítorí pé ó ní ìwé ìṣirò nínú.

OHUN TÍ Ẹ Ó NÍ

Páálí káàdì kan tó pé 52. Ẹ yọ àwọn Jókà kúrò. Ẹ wá hóró àgbàdo bí 300 sínú abọ́, àti ìwé kékeré kan pẹ̀lú bírò. Mo tún un sọ, hóró àgbàdo ni. Ẹni tó bá fi náírà sí i ti kúrò nínú ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ yín.

Àmì mẹ́rin ló wà lára káàdì. Pupa méjì: Háàtì, tó dà bí ọkàn, àti Dáyámọ́ǹdì. Dúdú méjì: Sípéèdì àti Kúlọ́ọ̀bù, tó dà bí ewé mẹ́ta tó so pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13. Éèsì ni ẹyọ kan, 2 tẹ̀ lé e, títí dé 10, lẹ́yìn náà Jáàkì, Ayaba, Ọba.

BÍ A ṢE Ń TẸ́ Ẹ

Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa. Ẹ kó òkìtì 7 kalẹ̀ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Òkìtì kìn-ín-ní ní káàdì 1, ìkejì ní 2, ìkẹta ní 3, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkeje tó ní 7. Gbogbo wọn yóò da ojú bolẹ̀, àfi èyí tó wà lókè òkìtì kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò ṣíjú sókè. Káàdì 28 nìyẹn, 7 ló ṣíjú, 21 ló fara pamọ́. Káàdì 24 tó kù, ẹ kó wọn jọ síbì kan kí wọ́n da ojú bolẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní àká.

Lókè àwọn òkìtì, ẹ fi àyè mẹ́rin sílẹ̀. Àyè yìí là ń pè ní ilé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Éèsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí 2 onírú àmì kan náà tẹ̀ lé e, kí 3 tẹ̀ lé 2, títí Ọba yóò fi wọlé. Bí gbogbo 52 bá wọlé, ẹ ti jẹ pátápátá.

ÒFIN ERÉ

Èkínní, lórí òkìtì, sísọ̀kalẹ̀ là ń sọ̀ kalẹ̀, àwọ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. 5 dúdú lè gun 6 pupa. Jáàkì pupa lè gun Ayaba dúdú. 5 pupa kò lè gun 6 pupa láéláé.

Èkejì, bí káàdì tó ti ṣíjú bá kúrò lórí òkìtì, ẹ ṣí ojú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀wọ́ káàdì bá ti tò tẹ̀ léra wọn dáadáa, ẹ lè gbé gbogbo ọ̀wọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ sórí òkìtì mìíràn.

Ẹ̀kẹta, bí òkìtì kan bá tán, Ọba nìkan ló lè jókòó sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú ìjòyè tó bá tẹ̀ lé e. Ìjòyè kì í gba ìtẹ́ Ọba.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá sí ohun tí ẹ lè ṣe mọ́ lórí òkìtì, ẹ mú káàdì kan láti inú àká, ẹ ṣí i. Bó bá wúlò, ẹ lò ó. Bí kò bá wúlò, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, sórí àtẹ. Èyí tó wà lókè àtẹ ni ẹ lè lò, èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò dúró títí ti òkè yóò fi kúrò.

Ìkarùn-ún ló le jù: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó la àká kọjá. Bí ó bá tán, ẹ kò gbọ́dọ̀ dà á padà. Àǹfààní tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn.

ÌṢIRÒ RẸ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka hóró àgbàdo 52 kúrò nínú abọ́, ẹyọ kan fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Owó ọjà nìyẹn. Gbogbo káàdì tó bá wọlé, ẹ gba hóró 5 padà. Nígbà tí eré bá parí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Káàdì 10 bá wọlé, ẹ gba 50, ẹ ti pàdánù 2. Káàdì 11 bá wọlé, ẹ gba 55, ẹ jèrè 3. Nítorí náà 11 ni ẹnu ọ̀nà. Bí gbogbo 52 bá wọlé, 260 nìyẹn, èrè 208. Èrè yẹn tóbi, àbí? Òun ni wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra.

Ìtàn kan gbilẹ̀ nípa Richard Canfield, ará Amẹ́ríkà kan tó ní ilé tẹ́tẹ́ ní ìlú Saratoga Springs, tó kú ní 1914. Wọ́n ní ó máa ń ta páálí káàdì ní dọ́là 50, a sì san dọ́là 5 fún káàdì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé nínú eré àdáta kan tó jọ tiwa yìí. Káàdì márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n ní ó sábà máa ń wọlé. Ẹ ṣírò ó fúnra yín: ẹni tó ta mú 25 tàbí 30 relé nínú 50. Ìyókù di ti onílé. Kò fi ipá gba owó ẹnikẹ́ni, kò sì yí káàdì. Ìṣirò ló ń bá a ṣiṣẹ́.

ÀPẸẸRẸ KAN

Mo tẹ́ káàdì fún ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí. Ohun tó wà lókè òkìtì 7, láti ọwọ́ òsì, nìyí: 6 Háàtì, Ọba Kúlọ́ọ̀bù, 5 Sípéèdì, Éèsì Dáyámọ́ǹdì, 9 Sípéèdì, 10 Dáyámọ́ǹdì, Ayaba Háàtì.

Éèsì Dáyámọ́ǹdì kọ́kọ́ wọlé. A ṣí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, 3 Kúlọ́ọ̀bù ni. 5 Sípéèdì gun 6 Háàtì. A ṣí abẹ́ rẹ̀, 2 Dáyámọ́ǹdì ni, òun náà wọlé bá Éèsì. Káàdì tó kù nínú òkìtì kẹta yẹn ni Jáàkì Sípéèdì. Ó gun Ayaba Háàtì, òkìtì kẹta sì ṣófo. A gbé Ọba Kúlọ́ọ̀bù síbẹ̀, a ṣí abẹ́ rẹ̀. A gbé Ayaba Háàtì àti Jáàkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gun Ọba, a ṣí abẹ́ wọn. 10 Dáyámọ́ǹdì gun Jáàkì, 9 Sípéèdì gun 10, a sì ṣí abẹ́ àwọn méjèèjì náà.

Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, ọjà yá!" Lóòótọ́, a kò tíì mú ẹyọ kan láti inú àká, káàdì 7 tó fara pamọ́ sì ti ṣíjú. Ṣùgbọ́n mo ní kó ka hóró tó ti gbà padà. Hóró 10 péré. Káàdì méjì ló wọlé. Nínú 52 tó fi sílẹ̀, 42 ṣì wà níta.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ṣé kì í ṣe bó ṣe ń rí nìyí? Èrò ń wọlé, èrò ń jáde, ọwọ́ wa kò dilẹ̀ láti àárọ̀, a ń gbé ọjà láti ibí lọ sí ọ̀hún, a sì rò pé èrè là ń jẹ. Ohun tó bá wọlé nìkan ni èrè. Ìyókù, ìrìn ni.

ỌGBỌ́N DÍẸ̀ TÍ Ẹ LÈ LÒ

Òkìtì tó ga jù, tó ní káàdì tó fara pamọ́ jù, ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, pàápàá bí ẹ bá ní ọ̀nà méjì láti yàn. Ẹ má sáré sọ òkìtì di òfo bí ẹ kò bá ní Ọba tí yóò jókòó síbẹ̀, nítorí ààyè tó ṣófo láìní ọba dà bí ṣọ́ọ̀bù tí a san owó rẹ̀ tí kò ní ọjà nínú. Éèsì àti 2 bá jáde, ẹ mú wọn wọlé lójú ẹsẹ̀, wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn níta. Ẹ wo gbogbo òkìtì dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan àká, nítorí pé ohun tó bá bọ́ sábẹ́ àtẹ lè má jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi kọ̀ǹpútà yẹ Klondike wò, èyí tí wọ́n ń mú káàdì mẹ́ta mẹ́ta láti inú àká, tí wọ́n sì lè dà á padà. Wọ́n rí i pé nínú 100, bí 82 ló ní ọ̀nà àbájáde, bí ẹni tó ń ta á bá mọ ibi tí gbogbo káàdì wà. Àwa kò mọ ibi tí káàdì wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń la àká tiwa kọjá. Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tó fara pamọ́, tó sì ní kí ẹ wá sanwó gbọ́ ọ, irú bí àwọn tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ bi í pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò fi là.

ÌWÉ Ọ̀SẸ̀ KAN

Mo ní kó ta á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó mú wá nìyí:

Ajé: káàdì 7 wọlé, ó gba 35, ó pàdánù 17.
Ìṣẹ́gun: káàdì 4, ó gba 20, ó pàdánù 32.
Ọjọ́rú: káàdì 13, ó gba 65, ó jèrè 13.
Ọjọ́bọ̀: káàdì 9, ó gba 45, ó pàdánù 7.
Ẹtì: káàdì 2, ó gba 10, ó pàdánù 42.
Àbámẹ́ta: káàdì 11, ó gba 55, ó jèrè 3.

Kí n tó ṣí ìwé náà, mo bi í pé, "Báwo ni ọ̀sẹ̀ yìí ṣe rí?" Ó ní, "Ó dáa, akọ̀wé. Mo jẹ ní Ọjọ́rú, mo tún jẹ lánàá." Ọjọ́ méjì yẹn nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo wá ní kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fi 312 sílẹ̀, ó gba 230 padà. Hóró 82 ti lọ.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí ibi tí ìtàn tẹ́tẹ́ rẹ̀ wà, a sì jọ rò ó pọ̀ sórí ìwé kan náà. Mi ò ní sọ iye tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ju owó tí ìyá ẹlẹ́ja àti bàbá oníṣíìfù bá a san lọ. Lóòótọ́ ni pé ó máa ń jẹ. Kò parọ́ fún mi. Ọjọ́ tó jẹ nìkan ló ń rántí.

Ní ọjọ́ yẹn ló pa tẹ́tẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá fún mi wò, ohun kan náà la sì bá níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà tà wà nínú ìwé. Owó alábàárù, owó ẹ̀rọ amúnáwá, ike tó fọ́ lójú ọ̀nà nítorí kòtò tó wà lọ́nà Abẹ́òkúta, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Ó ti ń kọ wọ́n báyìí. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó àwọn onídùúró rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌKÍLỌ̀ ÀTI ÌDÁGBÉRE

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ pa ọjà tì kí ẹ máa ta káàdì. Nígbà tí ọ̀sán bá le tí kò sí oníbàárà, tàbí nígbà tí iná bá lọ, tàbí nígbà tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dí Tóògéètì pa tí ẹ kò sì tíì lè lọ sílé, eré kan tó kún iṣẹ́jú díẹ̀ kò burú. Ó sàn ju kí ọwọ́ máa tẹ fóònù kiri. Ẹ ta á fún àwọn ọmọ yín wò, kí àwọn náà mọ bí èèyàn ṣe ń kọ ìwé èrè àti òfò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bá ti wọ̀ lára, kó má ṣe fi káàdì yìí tan ara rẹ̀ pé òun ń ṣeré. Kó wá bá ìgbìmọ̀ ní kọ̀rọ̀. A kò níí pariwo rẹ̀ nínú ìpàdé. Ẹni tó sì ń wá onídùúró, kó kọ́kọ́ fi ìwé ọjà rẹ̀ han onídùúró náà. Ẹ̀yin tí a ń bẹ̀ kí ẹ ṣe onídùúró, ẹ bèèrè ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe àrífín, ààbò ni fún ẹ̀yin méjèèjì.

Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni Alájẹṣẹ́kù. A jẹ, a ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò bá ka ohun tó jẹ, kò lè mọ ohun tó ṣẹ́ kù.

Ẹ má gbàgbé ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ o, kí ẹ sì mú káàdì ìdáwó yín dání, ìyẹn káàdì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti eré. Ire o.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
AKỌ̀WÉ